Ihò Mẹ́tàdínlógún

Èmi Eteri, èmi ni mo ń fọ ìgò níbí.
Ọdún mọ́kànlélógún nìyí tí ọwọ́ mi ti ń bá ọṣẹ jà.
Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó pọ̀ bí ewé:
òmíràn á wọlé bí ẹni tó wá san gbèsè,
òmíràn, ojú aago ló ń wò, kì í wo ojú iṣẹ́.
Èyí yàtọ̀.

Oṣù Kejì ni Nestani dé, yìnyín ṣì wà lórí òrùlé Tìbílísì.
Ó wọ bàtà òjò, ó gbé garawa kékeré lọ́wọ́,
omi odò Kura ló wà nínú rẹ̀, ó dúdú bí ìdí ìkòkò;
ibi tí gọ́tà ilé ìwòsàn ti ń tú sódò gan-an ló ti lọ bù ú.
Mo ní, "Ọmọ, kí lo fẹ́ fi èyí ṣe?"
Imú rẹ̀ pọ́n bíi tòmátì, ó rẹ́rìn-ín.
"Màmá Eteri, ọdẹ wà nínú omi yìí."

Ọdẹ tí ojú ò rí,
ọdẹ tó lẹ́sẹ̀ mẹ́fà tí kò mọ ìrìn,
tó ń bà lé bakitéríà bí eégbọn ṣe ń bà lé ajá,
tó ń wọ inú ẹran rẹ̀ lọ bímọ,
táwọn ọmọ á wá bẹ́ ilé tí wọ́n bí wọn sí.
Fáàjì ni wọ́n ń pè é.
Fáàjì kì í ṣe fàájì o!
Mo rí bó ṣe jókòó ti ẹ̀rọ tó ń pòòyì títí ilẹ̀ fi ṣú,
mo rí bó ṣe ń sẹ́ omi náà, ó tún ń sẹ́ ẹ,
nínú asẹ́ tí bakitéríà fúnra rẹ̀ ò lè gbà kọjá.
Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti ń jẹ búrẹ́dì, lóòró, bátànì aṣọ funfun rẹ̀ ò tíì tú.

Ìyá rẹ̀ pè é láti Kakẹ́tì:
"Ṣé torí omi gọ́tà la ṣe ta ìdajì ọgbà àjàrà?"
Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pípẹ́ẹ̀tì fún un,
bí ẹ̀kán omi kan ṣe lè gba ìlú bakitéríà kan,
ó ṣàlàyé, ó ṣàlàyé,
kò mọ̀ pé ìyá ti já fóònù tipẹ́.

Àwo kìíní bu, ó hewú.
Àwo kejì dákẹ́ bí adití.
Àwo kẹta, ó gbàgbé láti kọ nǹkan sí i lára,
kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá tirẹ̀ ni àbí ti ẹlòmíràn.
Ọjọ́ yẹn ló wá bá mi nídìí omi gbígbóná,
ó na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá mú:
"Màmá, ẹ bá mi nu ojú. Ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ mi."
Mo fi etí aṣọ mi nù ún.
Ó padà wọlé.

Ìgbà tó di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo gbọ́ igbe.
Mo rò pé iná ni.
Àwo kan ló gbé sókè síbi fèrèsé:
bakitéríà tẹ́ pẹrẹsẹ bíi pápá lẹ́yìn òjò,
ihò wà láàárín pápá náà,
roboto, roboto, ó mọ́ gaara,
ibi tí ọdẹ gbà kọjá.
"Ẹ bá mi kà á!"
Mo ka méjìdínlógún. Ó ka mẹ́tàdínlógún.
A tún un kà. Ìfófòó ọṣẹ ló wà lójú awò mi.

Ọ̀gá Revaz yọjú, ó ní, "Ó lè má jẹ́ nǹkan kan."
Ọmọ náà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ojú rẹ̀ ò kúrò lára àwo.

N kò sọ fún un pé egbò ẹsẹ̀ ló pa Vazha ọkọ mi,
pé gbogbo abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un, bakitéríà náà fi rẹ́rìn-ín ni.
Mo padà sídìí ìgò mi.
Mo fọ ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì.